Ehín Bẹ́líìtì Bàbá Oyèkúnlé

"Ara Bàbá ò yá, Oyèbísí, máa bọ̀."

Ohun tí ẹnu ògiri sọ kò ju ìyẹn lọ. Oyèbísí wà lábẹ́ ọ̀kadà yìnyín oníbàárà kan nígbà náà, sípánà lọ́wọ́, gírísì dé ìgúnpá. Ó dáwọ́ dúró, ó ń retí kí àpótí kékeré tí Àjọ Aláàbò Yìnyín kàn mọ́ ògiri gbogbo agbo-ilé tún nǹkan sọ. Àpótí náà ṣẹ́jú pupa lẹ́ẹ̀kan, ó yadi.

Kò sí bó ṣe lè dá a lóhùn. Òjò dídì ti rọ̀ bo àwọn àwo tó ń gba iná lára oòrùn, iná ò tó ayé lò, gbólóhùn kan péré ni Àjọ sì ń gbà kí agbo-ilé kan fi ránṣẹ́ lóòjọ́. Tiwọn ti lọ láàárọ̀, Bàbá Láṣebìkan ló fi béèrè oògùn ikọ́. Ohùn kan náà ni àpótí yìí fi ń ka gbogbo ìròyìn sétí ayé, ìbáà ṣe pé wọ́n bímọ, ìbáà ṣe pé òrùlé jìn. Àwọn àgbà tó sọ pé ọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú, wọn ò rí ẹnu ògiri kí wọ́n tó kú.

Oyèbísí rọra yọ ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó mọ ẹni tó ránṣẹ́. Oyèdìran àbúrò rẹ̀ ni, tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá wọn ní Ibùdó Kẹta, lẹ́yìn òkè. Ó sì mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Èwo nínú àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí omi lé dé ilẹ̀ olótùútù yìí ni kò ní mọ̀? Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ara ìyá ò yá ni wọ́n sọ fún òun náà. Ó ra ọsàn dání lọ kí i, àga tí wọ́n tò síta ló bá lójúde. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó ṣì fẹ́ rìnrìn àjò. Wọ́n á ní ara ò yá, wọ́n á ní máa bọ̀, kí ẹsẹ̀ ẹni lè gbé ẹni délé.

Gbádéró ọkọ rẹ̀ ti ilé ìdáná yọ. Òun náà ti gbọ́. Abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná ló gbé dání.

"Ìyá Àńjọlá, wá jẹun ná."

"Ebi ò pa mí."

"Mo mọ̀. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Oyèbísí wo abọ́ náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ìgbà wo ni Gbádéró gbé oúnjẹ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù rí? Ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kó jẹun mọ́ fún ni wọ́n ń bẹ̀ kó jẹun. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ kò tíì tutù tí Bàbá Láṣebìkan fi dé. Òun ni àgbà agbo-ilé. Òun àti bàbá Oyèbísí ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn kúrò nílé, orí ẹní kan ni wọ́n sì jọ sùn títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ìbòrùn mẹ́ta ló máa ń wé mọ́ ọrùn, kò sí ọjọ́ kan tí kì í fi Oyèbísí ṣe yẹ̀yẹ́ pé gírísì ara rẹ̀ tó din àkàrà. Lónìí, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Oyèbísí, jókòó."

"Bàbá, mo ti gbọ́."

"Mo ní kí o jókòó."

Ó jókòó sórí ẹ̀rọ tó ń tún ṣe. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó rọ̀. "Àìsàn ló ṣeé wò," ó ní, "a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ọ̀rẹ́ mi gbó, ó tọ́. Ó tọ́mọ, ọmọ tọ́jú rẹ̀. Kí la tún fẹ́ bi Ọlọ́run?" Ó yí ojú sí ògiri.

Ìgbà náà ni ẹkún gbé Oyèbísí. Ó sun ún bó ṣe yẹ kí ọmọ sun ún, ó ń ké pe bàbá rẹ̀ ní oríkì, gírísì ọwọ́ rẹ̀ sì ń ra á lójú. Àwọn ará ilé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí i kú ará fẹ́ra kù. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró ná, bóyá ara bàbá ò kàn yá ni." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ní kò gbọ́n.

Nígbà tí ẹkún gbà á láyè, ó ní, "Mo fẹ́ lọ wẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ gé èékánná wọn àti irun wọn kí àwọn agbókùú tó dé."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Òkú kì í sùn lẹ́ẹ̀mejì nílé ní ilẹ̀ yìí. Àwọn agbókùú Àjọ á wá pẹ̀lú ọkọ̀ funfun wọn, wọ́n á gbé e lọ sí Ilé Eérú láti dáná sun ún, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ tí yìnyín ń ṣọ́. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ wá wá ọgbọ́n dá sí i. Àkọ́bí òkú á gé èékánná àti irun rẹ̀, á fi aṣọ funfun dì í, á tọ́jú rẹ̀ sórí pẹpẹ ilé, títí di ọjọ́ tí òkun bá fa sẹ́yìn tí ẹnì kan á kó gbogbo wọn padà lọ sin sílé. Kò sí ilé tí kò ní irú ìdì kékeré bẹ́ẹ̀ tó ń dúró. Ti ìyá Oyèbísí wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà.

"Oyèdìran wà lọ́dọ̀ wọn," Gbádéró wí.

"Ọmọ tí wọ́n bí sórí yìnyín! Ta ló kọ́ ọ ní ti èékánná? Bí àwọn agbókùú bá dé, ilẹ̀kùn ló máa ṣí fún wọn, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Kò sí ẹni tó lè já a ní koro lórí ìyẹn. Oyèdìran kò rí Ẹ̀pẹ́ rí. Èdè ilé tó ń sọ pàápàá, bí ẹni ń ka ìwé ló ṣe ń sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á mọ́, á sì gún, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ náà ló máa wà níta.

Oyèbísí dìde, ó lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó ká tapólì kúrò lórí bẹ́líìtì rọ́bà ńlá kan, irú èyí tí ọ̀kadà yìnyín fi ń rìn, tó wà ní kíká bí ẹní.

Bàbá rẹ̀ ló ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ wá fún un. Gbogbo ẹ̀rọ tí Àjọ ń pín, bẹ́líìtì orijínà tó pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó dára lórí ọ̀nà tí wọ́n bá ti tẹ̀. Lórí òjò dídì tuntun, tó rọ̀ bí èlùbọ́, ńṣe ló máa ń gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀ tí á sì jókòó síbẹ̀. Ti bàbá rẹ̀ yìí gùn ju orijínà lọ, ehín rọ́bà ara rẹ̀ sì ga tó ìka àárín. "Àbẹ̀ní," bàbá náà fi oríkì pè é lọ́jọ́ tó gbé e wá, "ọjọ́ tí mo bá ránṣẹ́ pè ọ́, èyí ni kí o fi wá. Má gba ọ̀nà Àjọ o. Orí òkè ni kí o gbà."

Oyèbísí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Bàbá, ariwo rẹ̀ nìkan, gbogbo ayé ló máa gbọ́."

"Èmi náà á gbọ́ ọ. Orí ibùsùn mi ni n ó wà tí n ó ti máa gbọ́ ọ bí o ṣe ń bọ̀."

Ó yí i jáde báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbádéró kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn bá a fi jáàkì gbé ìdí ọ̀kadà yìnyín tirẹ̀ sókè. Wọ́n tú bóòtù tó de férémù ẹsẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, wọ́n fa férémù náà jáde pẹ̀lú àwọn táyà kéékèèké inú rẹ̀. Ó ṣí àpótí ṣéènì, ó yọ ọ̀pá tó gbé jíà, bẹ́líìtì orijínà sì jábọ́ sílẹ̀. Nígbà tó gbé ti bàbá rẹ̀ sí i, ihò rẹ̀ bá ehín jíà mu wẹ́kú. Bàbá tí kò fi ohunkóhun wọn ẹ̀rọ rẹ̀ rí, ojú lásán ló fi yàn án. Ìyẹn tún mú ẹkún wá.

Nítorí pé ó gùn, férémù náà ní láti gùn sí i. Ó gé irin lára àkàbà àtijọ́ kan, ó lù ú ní ihò, ó fi bóòtù so ó mọ́ ẹ̀yìn férémù kí táyà ìdí lè sún sẹ́yìn. Ó wo ọfà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà, ó rí i pé iwájú ló kọjú sí. Ó fún un títí ó fi ku ìwọ̀n àyè tí àtẹ́lẹwọ́ lè wọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá le jù, á jẹ bíárìn. Bó bá sì dẹ̀ jù, á máa fò lórí jíà. Gbogbo ìyẹn, ohùn bàbá rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló ń sọ ọ́ sí i létí bó ṣe ń ṣe é.

Nígbà tó parí, ẹ̀rọ ṣì wà lórí jáàkì. Ó tẹ iná sí i.

Ariwo tó sọ, àwọn ìdì funfun orí pẹpẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Ehín gígùn náà ń gbá afẹ́fẹ́, ó ń bú bí ẹni ń wọ́ igi ńlá kọjá lórí òkúta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ara Oyèbísí yá díẹ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí òkè. Bó bá lọ báyìí, oòrùn ò ní wọ̀ kó tó débẹ̀.

Bàbá Láṣebìkan padà wá nítorí ariwo náà. Ó dúró títí Oyèbísí fi pa ẹ̀rọ.

"Ehín yẹn ga ju àtàǹpàkò lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O mọ òfin."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ehín bẹ́líìtì kankan ò gbọ́dọ̀ ga ju ìbú àtàǹpàkò lọ, kó má bàa ya yìnyín lára. Àwọn ojú tí Àjọ rán sójú ọ̀run á rí ọgbẹ́ tó bá dá sórí òkè, wọ́n á sì tẹ̀ lé e délé bí ẹni tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ẹni tó gun ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ooru gbogbo agbo-ilé ni wọ́n ń gé, títí ọgbẹ́ náà á fi jinná. Ní èṣí, wọ́n gé ti agbo-ilé tó wà létí odò. Ìyá àgbà kan àti ọmọ ọwọ́ kan ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀ kí páìpù tó tún gbóná.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mò ń lọ."

"Gbọ́ mi, ọmọ mi." Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. "Bó bá jẹ́ pé Oyèkúnlé ṣì ń mí ni, èmi gan-an ni n ó sọ pé gun orí òkè. Kí wọ́n gé ooru wọn. N ó so ìbòrùn kẹrin mọ́ mẹ́ta yìí, n ó sì jókòó dè ọ́. Ẹni tó bá kọ̀ nínú agbo-ilé yìí, èmi ni n ó bá a jà. Ṣùgbọ́n òkú ti kúrò nínú ohun tí à ń kánjú sí. Ṣé kí ọmọ Gbádéró máa wúkọ́ nínú òtútù nítorí èékánná?"

Láti ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ bí Àńjọlá ṣe ń wúkọ́ lóòótọ́. Inú bí Oyèbísí sí bàbá náà, inú sì bí i sí ara rẹ̀ nítorí pé òótọ́ ló sọ.

"Gé e kù," bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Bó ṣe gùn nì, bí ehín rẹ̀ tilẹ̀ kúrú, á gbé ọ. Gba ọ̀nà Àjọ lọ. O máa débẹ̀ lọ́la kí àwọn agbókùú tó dé."

Oyèbísí gbé ọ̀bẹ sínú iná títí ẹnu rẹ̀ fi pọ́n. Ó wá irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ láti fi ṣe òṣùwọ̀n, ó gbé e ti ìdí ehín àkọ́kọ́, ó gé ohun tó lé. Rọ́bà ń rùn, ó ń jábọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gé ilá. Gbádéró ń yí bẹ́líìtì fún un, ó ń gé, wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìlà kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára gan-an. Ó ń ṣe é bíi pé èékánná bàbá rẹ̀ ló ti ń gé, láìtíì wẹ̀ ẹ́, láìtíì rí ojú rẹ̀.

Ó ṣẹ́kù ìdajì nígbà tó dáwọ́ dúró.

"Bàbá Àńjọlá."

"Hùn."

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì wà ńkọ́?"

Gbádéró jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ kí ìrètí ṣe èèyàn ní jàǹbá. "Ìwọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ," ó ní.

"Ara ò yá ni wọ́n sọ."

"Ṣé o ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí kó má jẹ́ ikú?"

Kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ọ̀bẹ bọ iná padà, ó sì gé ìyókù. Nígbà tó tún tẹ iná sí ẹ̀rọ náà, kò bú mọ́. Ńṣe ló ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi máṣíìnì télọ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó gbéra. Aṣọ funfun kan wà ní àpò rẹ̀, àti abẹ kékeré, àti ọṣẹ. Bàbá Láṣebìkan ti sọ òótọ́ ní ti bẹ́líìtì náà. Níbi tí orijínà ì bá ti rì, èyí ń léfòó, àmọ́ kò yá. Níbi tí òjò dídì bá ti ga, ó ní láti sọ̀kalẹ̀ kó tì í, kó tó tún máa bá a lọ. Ó ń rí orí òkè lápá òsì rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, ó mọ́ roro, ó ń dán, kò sí ohun kankan lórí rẹ̀. Kò fẹ́ wo ibẹ̀.

Géètì Àjọ ti ń ti nígbà tó débẹ̀. Ó gun ẹ̀rọ wọ abẹ́ irin tó tẹ̀ bí ọrun, ìmọ́lẹ̀ kan sì rá wá láti ìsàlẹ̀, ó yẹ bẹ́líìtì náà wò láti ìdí dé ìdí. Iná aláwọ̀ ewé tútù tàn.

"Ehín ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín bófin mu," ni géètì náà wí ní ohùn kan náà tí ẹnu ògiri ń lò. "Ẹ kú ìtọ́jú yìnyín. Ọ̀nà máa ṣí pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀la."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá bẹ ẹ̀rọ ló mọ bí ẹ̀bẹ̀ ṣe lè pọ̀ lẹ́nu èèyàn tó. Ó ní bàbá òun ló kú, ó ní òun ni àkọ́bí. Géètì náà kí i kú ìtọ́jú yìnyín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wọ inú ahéré tí wọ́n ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò, ó ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń rò ó pé bóyá àwọn agbókùú ti ń wọ bàtà.

Ní ọjọ́ kejì, ó ń lọ, ó ń tì, ó tún ń lọ, títí ó fi rí òrùlé Ibùdó Kẹta. Kò sí ọkọ̀ funfun lójúde. Ó dúpẹ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó ń fẹsẹ̀ jánà lọ sí ilé bàbá rẹ̀, ìgbà náà ló rí i pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Kò sí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ọmọdé tó bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo ilé ló máa pariwo lé e lórí. Òjò dídì ti fẹ́ wọlé, ó ti tẹ́ sórí ẹní ìnusẹ̀. Agogo kékeré tó ń kìlọ̀ pé ooru ń jáde ń dún lára ògiri, ó jọ pé ó ti ń dún tipẹ́, nítorí pé ohùn rẹ̀ ti rẹ̀.

Oyèdìran jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, aṣọ òtútù lọ́rùn. Nígbà tó gbójú sókè, ó dà bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàbọ̀." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Oyèbísí mú un lápá. "Mi ò gbọ́ yín rárá. Mi ò gbọ́ ìgbà tí ẹ dé."

Bàbá wọn wà lórí ibùsùn. Wọ́n ti pa á lójú dé. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé jókòó.

Oyèbísí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí bàbá rẹ̀. Ó tutù, gbogbo ilé ló sì tutù, kò lè fi ìyẹn mọ nǹkan kan. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Apá náà ká sókè wọ́ọ́rọ́wọ́, ó rọ̀ síbẹ̀, kò le bí apá òkú àná.

"Oyèdìran," ó ní. "Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni."

"Láàárọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àná lo ránṣẹ́."

"Mo ránṣẹ́ pé ara wọn ò yá." Ọmọkùnrin náà ń wo ojú rẹ̀, kò yé e. "Ara wọn ò yá ni. Àyà ló ń dùn wọ́n. Àmọ́ wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n mu ẹ̀kọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n pè yín, wọ́n ní bí mo bá ti pè yín, orí òkè lẹ máa gbà, pé kí oòrùn tó wọ̀ lẹ máa dé."

Oyèbísí di ọwọ́ náà mú, ó ń gbọ́ agogo ara ògiri.

"Kí ló dé tí o ṣílẹ̀kùn sílẹ̀?" ó béèrè.

"Àwọn ni wọ́n ní kí n ṣí i. Wọ́n ní bẹ́líìtì tí àwọn fún yín máa ń bú, pé bó bá ti yọ lórí òkè, àwọn á ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí èmi bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n gbé àwọn jókòó, kí ẹ má bá àwọn ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ̀rù má bàa bà yín." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "A jọ ń tẹ́tí ni. Bí mo bá ní ká tì í nítorí òtútù, wọ́n á ní rárá, pé Àbẹ̀ní ti wà lọ́nà. Wọ́n ń bi mí pé ṣé mo gbọ́ ọ. Mo ní mi ò tíì gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn náà nìyẹn. Wọ́n ní ṣé mo gbọ́ ọ."

Oyèbísí gbé orí lé àyà bàbá rẹ̀, ó sì ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn tó ti inú rẹ̀ jáde kò dà bí ohùn èèyàn. Àná tó sunkún, ó rò pé òun ti mọ bó ṣe ń dùn tó. Oyèdìran dúró lé e lórí, kò mọ ohun tó lè ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó tún gbé e kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mi ò sọ ọ́ dáadáa ni?" ó béèrè. "Iṣẹ́ tí mo rán. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n gbà. Ṣé nǹkan mìíràn ló yẹ kí n sọ?"

Oyèbísí gbójú sókè, ó wò ó. Ọmọ ọdún méjìlélógún, tí wọ́n bí sórí yìnyín, tí ó rí àìsàn tó sì pè é ní àìsàn. Bó bá la ọ̀rọ̀ yìí yé e, á gbé e títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó nu ojú. Ohun tí àwọn àgbà ti ń ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá lè pa, òun náà ṣe é.

"O sọ ọ́ dáadáa," ó ní. "Ọ̀nà ló burú. Lọ bá mi gbé omi gbígbóná wá."

Ó wẹ bàbá rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí ìtẹ́lẹ̀, ó gé irun díẹ̀ níwájú orí, ó mú ọwọ́ ọ̀tún sórí itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan. Gírísì wà lábẹ́ wọn, èyí tí ọṣẹ kò lè mú kúrò mọ́ láyé. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ àwọn agbókùú, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ọ̀nà Àjọ.

Oyèdìran dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn.

"Fi í sílẹ̀," Oyèbísí wí, ó sì mú ọwọ́ òsì.